Ìgò Ọgọ́rin fún Karotu

Kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: òótọ́ ni pé mo jí ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní pásítọ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni, nínú ilé ìpàdé, gbogbo abúlé ló wà níbẹ̀. Mo ki ìgò náà sáàárín itan mi lábẹ́ aṣọ, mo sì rìn délé bí pẹ́pẹ́yẹ tí ẹyin há sí nídìí. Ọkọ mi, Baakoa, rí mi lókèèrè. Ó ní, “Ìyá Karotu, ṣé làkúrègbé ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀ ni?” Mo ní kó lọ wo ti ìdí tirẹ̀. Nígbà tí mo fa ìgò yọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín náà bá yí padà lójú rẹ̀, ó dìde, ó lọ gun igi àgbọn láti dá ẹmu.

Ìgò yẹn ló ṣe ìkejìlélógún nínú ọgọ́rin tí mò ń wá. Ọgọ́rin ni ibojì ọkùnrin tó ga bí ọmọ mi Karotu ń gbà.

Karotu wọ ọkọ̀ lọ pẹja ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òun nìkan. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Mo bá a sọ ọ́, ó ní kí n má ṣèyọnu, pé ẹ̀gbẹ́ àpáta lòun ń lọ, òun ò ní jìnnà. Ilẹ̀ ṣú, a ò rí i. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ mẹ́jọ jáde láti Abaiang, erékùṣù wa níbí, láti wá a. Bàálù kan wá láti ilẹ̀ òkèèrè, ó yí ojú òkun po fún ọjọ́ mẹ́ta. Rédíò pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì pè é mọ́.

Ó fi ìyàwó sílẹ̀, Rakera, ọmọ erékùṣù Marakei, obìnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tún fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Aroita, ọmọ ọdún mẹ́ta, tí òun ń sọ̀rọ̀ dípò ìyá rẹ̀, tó sì tún ń fi díẹ̀ kún ti ìyá-bàbá rẹ̀. Ẹnu ọmọ yẹn, èmi ló jọ. Ojú Karotu ni ojú rẹ̀.

Níbí, òkú wa kì í jìnnà sí wa. Ẹ̀gbẹ́ ilé la ń sin wọ́n sí. A ó da yanrìn funfun lé e, a ó wá gbin ìgò yí i ká, orí ìgò sínú ilẹ̀, ìdí rẹ̀ sókè, bí àwa obìnrin nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ sínú ọ̀sà tí à ń wú ìkarahun. Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, àwọn ọmọ mi méjì tó kú ní kékeré wà níbẹ̀. Bí mo bá jí, màá kí wọn, màá gbálẹ̀ wọn, màá rojọ́ baba wọn fún wọn. Ti Karotu nìkan ni kò sí. Bí ẹkún bá gbé mi lójijì, n kì í mọ ibi tí n ó kọjú sí. Òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ omi. Mo sunkún sí ìkòkò ìrẹsì lọ́jọ́ kan débi pé Baba Karotu ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Mo pinnu pé n ó ṣe ibojì fún un, bí kò tilẹ̀ sí òkú tí a ó gbé sínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé níbi tí ìgò ti pọ̀ kò lè mọ ohun tí mo ti ara mi bọ̀. Ìgò tó bá wọ erékùṣù yìí kì í jáde mọ́. Bí wọ́n bá mu ọtí bíà inú rẹ̀ tán, ó di ìgò epo àtùpà. Bí epo bá tán, a ó fi yanrìn àti eérú fọ̀ ọ́, ó di ìgò òróró ìpara tí a fi òdòdó sí. Èmi fi ọ̀kan yí ìyẹ̀fun fún ọdún mẹ́sàn-án. Èyí tó sì níyì jù ni èyí tí adẹ́mu so mọ́ òdòdó àgbọn tí ó gé lẹ́nu lókè igi, tí ẹmu ń kán sí látàárọ̀ dalẹ́. Ẹmu tí kò tíì kan ni ọmọ wa kékeré ń mu kó lè sanra. Bí a bá se é lórí iná títí tó fi dì, ó di oyin àgbọn, pupa, ó ń fà bí oje igi, ó lè pẹ́ nínú ìgò láìbàjẹ́.

Ohun tí Rakera ń ṣe nìyẹn. Láti ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti lọ ni ó ti ń se oyin, ìgò kan lọ́sẹ̀ kan. Ó ń fi ewé wé e lẹ́nu, ó ń tò ó sábẹ́ pẹpẹ tí òun àti Aroita ń sùn lé. Mo bi í pé ta ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ó ní Karotu ni. Ó ní àwọn tí omi gbé lọ tí wọ́n sì rí wọn, eegun ni wọ́n máa ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá dé, oyin ló sì máa ń dá ẹran padà sí wọn lára. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè. Àwọn ọkùnrin méjì kan wà láyé ìyá mi tí omi gbé lọ fún oṣù mẹ́ta tí wọ́n sì padà wá, ọ̀kan nínú wọn tún bí ọmọ márùn-ún sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin méjì ṣe ń bá ìgò kan náà jà nínú ilé kan. Ìgò tí mo bá fi pamọ́ sẹ́yìn ilé fún ibojì, màá rí i lọ́jọ́ kẹta tí oyin kún inú rẹ̀. Ìgò tí ó bá fọ̀ tó sá sórí ẹní, màá mú un. A kò jà o. Rakera kì í jà. Yóò kàn wo ọwọ́ mi, màá wo ọ̀run. Baba Karotu tí orúnkún rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́ ń gun igi ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nítorí igi tí a kò bá dá lójoojúmọ́ kì í sun ẹmu mọ́. Yóò gbé ẹmu fún ìyàwó, yóò dọ́gbọ́n ju ìgò òfìfo kan sí mi lọ́wọ́, yóò sì ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkankan. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti mọ ọkùnrin yẹn, olè ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ìgò mi di mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó dúró síbẹ̀. Mo ti gba ti ilé ìpàdé tán, mo ti gba ti àwọn tó ń ta bíńgò, àwọn aládùúgbò ti ń so ìgò wọn mọ́lẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n bá rí mi. Mo wá lọ bá Rakera. Mo ní kó dárí jì mí, kó fún mi ní àwọn ti abẹ́ pẹpẹ.

Ó fi ẹja tó ń họ lọ́wọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, bí ẹ bá fẹ́ ẹní mi, ẹ gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ orùlé, ẹ tú u. Oyin yẹn, ti Karotu ni. N kò lè fún yín ní ohun tí kì í ṣe tèmi.”

Mo lọ jókòó sórí ṣáláńgá.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣáláńgá wa wà lórí ọ̀sà, lórí igi mẹ́rin, afẹ́fẹ́ dáadáa ń fẹ́ síni nídìí, ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n tí mo gbọ́n láyé ti máa ń wá. Ọgbọ́n tó wá lọ́jọ́ náà, ìdí ni ì bá gbà jáde. Karotu ní irú ìgò kan tó máa ń so sórí igi rẹ̀, ìgò aláwọ̀ ilẹ̀, ó fi okùn èèpo àgbọn wé e lọ́rùn ní ìlọ́po mẹ́rin, ó sì ta á ní kókó kan tí ẹnikẹ́ni kò ta. Bí o bá rí kókó yẹn, Karotu lo rí. Ó gbé ọ̀kan wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, òmíràn irú rẹ̀ ṣì kù nínú apẹ̀rẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀. Mo mú un. Mo so òkúta mọ́ ọn, mo rì í sábẹ́ ṣáláńgá, nítorí n kò mọ ibòmíràn tí ẹnikẹ́ni kò ní yọjú wò. Mo fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ kí i, Baba Karotu sì ń rò pé inú ń yọ mí lẹ́nu, ó lọ já ewé wá fún mi, mo mu ewé náà, inú wá yọ mí lẹ́nu lóòótọ́.

Nígbà tí ìgò náà ti hu ewé tó rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí ẹrẹ̀ ti wọ inú kókó rẹ̀, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e kọjá sí ẹ̀gbẹ́ òkun. Mo tẹ́ ẹ sí ibi tí omi ń ju igi sí, ibi tí Rakera ti máa ń ṣẹ́gi.

Ó gbé e délé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó gbé e sórí ẹní, ó jókòó tì í. Aroita fẹ́ mú un, ìyá rẹ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Baba Karotu bọ́ sílẹ̀ láti orí igi, ó rí kókó náà, ó wá yí ojú sí mi. Mo ń ṣa ìrẹsì. N kò gbójú sókè.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Rakera kò fi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó wọ́ ìgò oyin rẹ̀ jáde lábẹ́ pẹpẹ, méjìdínlógún. Ó tú gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá tí a fi ń se oúnjẹ ayẹyẹ, ó sì ní kí Baba Karotu bù ú fún ilé gbogbo ní abúlé, bí a ti ń pín oúnjẹ òkú. Ó fọ àwọn ìgò náà fúnra rẹ̀. Pẹ̀lú èyí tó rí létí òkun, ó pé mọ́kàndínlógún géérégé. Ó kó wọn wá síwájú mi, ó ní, “Ó pé yín báyìí, Màmá.” Wọ́n bu oyin fún èmi náà. Mo jẹ ẹ́. Abọ́ méjì ni mo jẹ, ẹ gbọ́, mo sì lá ìka.

Pásítọ̀ wá gbàdúrà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. A da yanrìn tí àwọn ọmọdé kó wá, a gbin ìgò. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ, ó ku èmi àti Rakera níbi orí ibojì, ó ku ìgò kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, ìgò kókó. Ó ń fi àtàǹpàkò họ ewé ara rẹ̀.

Ó ní, “Màmá, ìgò yìí kò dé òkun rí.”

Mo ní kí ló ń sọ.

“Ìgò tó bá sùn lójú òkun, ìkarahun kéékèèké ọlọ́rùn gígùn ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n. Ewé ọ̀sà ló wà lára èyí.” Ó gbé e súnmọ́ imú. “Mo sì mọ ibi tó sùn sí nínú ọ̀sà.”

Ilẹ̀ ò là kí n wọlé. Mo ti gbé orí erékùṣù yìí fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, mo lè fi òórùn nìkan mọ ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, mo sì gbàgbé ohun tí ọmọdé mọ̀. Ẹ̀rín gbé Rakera kí ó tó gbé mi. A rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí a fi di ara wa mú, mo ń sọ fún un pé mo ń kí ìgò náà lójoojúmọ́, ó ní òun rò pé inú ń run mí ni. Lẹ́yìn náà a kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi gbà.

Ó ní, “Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Mo ní ìyá tó bá dé ibi tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹ̀rí ikú ọmọ rẹ̀, ìyà ń jẹ ẹ́ ju èmi lọ. Ẹ mú ibojì yín, Màmá. Ẹ máa sunkún síbẹ̀. Èmi ò sin ẹnikẹ́ni.” Ó gbin ìgò náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ó lọ dá iná.

Mo sùn dáadáa lóru yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni. Fún ọ̀sẹ̀ méjì mo ní ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo ń gbá a, mo ń bú u, mo ń sọ fún un ohun tí Aroita sọ.

Ohun tí n kò rò ni pé ọ̀rọ̀ máa ń wọkọ̀. Wọ́n gbọ́ ní Marakei pé a ti to ìgò fún Karotu. Uriam, baba Rakera, gúnlẹ̀ sí etíkun wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ méjì. Ó kó ẹní tuntun wá fún wa, ó kó tábà wá fún Baba Karotu. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó jókòó, ó jẹun, ó yin ẹja. Pásítọ̀ náà wà níjokòó. Lẹ́yìn oúnjẹ ni Uriam wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó ní kí á má ṣe bínú. Ó ní láti ìgbà tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ni ìyá Rakera ti ń sunkún pé kí àwọn wá mú ọmọ àwọn, òun sì kọ̀. “Nígbà yẹn, aya ọkọ tó ń bọ̀ wálé ni. Ilé ọkọ ló yẹ kó ti dúró. Ní báyìí tí ẹ ti to ìgò, opó ni. Opó wa, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, òun àti ọmọ rẹ̀.”

Mo wo Rakera. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Aroita sùn sórí itan Baba Karotu, ó la ẹnu sílẹ̀.

Mo dìde. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní Uriam, ẹ gbọ́, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ibojì yẹn, irọ́ ni mo pa. Mo ro gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ níwájú pásítọ̀: apẹ̀rẹ̀, kókó, òkúta, ṣáláńgá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ewé tí mo mu. Àwọn ọmọkùnrin Uriam fi ọwọ́ bo ẹnu. Pásítọ̀ wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ń fi kún un, mo ń ṣe bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ tí mò ń kí ìgò, mo ní bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tó, bóyá wọ́n á gbàgbé ohun tí wọ́n bá wá.

Uriam kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí mo fi parí. Ó ní, “Ìyá, bí ẹ bá mọ̀ pé ọmọ yín ṣì wà láyé, ẹ tú ìgò náà ká. Bí ẹ bá tú u ká, aya ni ọmọ mi padà jẹ́, n ó wọkọ̀ mi, n ó sì máa lọ láìsí òun.”

Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni. Mo ní ṣé ìyẹn nìkan ni, mo sì jáde. Gbogbo wọn jáde tẹ̀lé mi. Mo kúnlẹ̀ níbi ibojì, mo di ìgò àkọ́kọ́ mú, èyí tó wà lápá ẹsẹ̀, mo fà á. Ó yọ. Yanrìn ya wọ ihò rẹ̀.

Mo di ìkejì mú. Ọwọ́ mi kò fà á.

Mo tún gbìyànjú. Mo sọ fún ọwọ́ mi nípa Aroita. Mo ní ọmọ yìí ni wọ́n fẹ́ gbé lọ, fa ìgò, òmùgọ̀ obìnrin, fa ìgò. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo ti fi bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ti wà nínú ilẹ̀ yẹn. Bí mo bá fa ìgò kejì, ó dà bí ẹni pé mo wú u síta, mo dá a padà sínú omi, òun nìkan, ní òru. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo ti mọ̀ láti alẹ́ àkọ́kọ́, bí ènìyàn ti ń mọ̀ nínú ikùn tó fi gbé e. N kò lè fi ẹnu mi sọ pé ó wà láyé, kódà fún ọmọ rẹ̀.

N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo fi kúnlẹ̀. Rakera ló wá bá mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú ìka mi kúrò lára ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń tú ìka ọmọ tó sùn. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Ẹ fi í sílẹ̀.” Ojú rẹ̀ gbẹ. Lójú yẹn ni mo rí i pé ó ti ń retí pé n ó fà á. Bí ìyá Karotu bá fà á, òun á ní ẹnìkan tí yóò máa bá òun retí ọkọ òun.

Wọ́n lọ ní ọ̀sán, nígbà tí omi kún. Aroita rò pé wọ́n kàn ń lọ wo ìyá-ìyá rẹ̀ ni, ó ń pàṣẹ fún àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀ ibi tí wọn yóò jókòó sí nínú ọkọ̀. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí adìẹ kan báyìí yé sórí ẹní òun. Mo ní n ò ní jẹ́. Rakera dì mọ́ mi. Mo dúró sínú omi títí dé orúnkún títí ọkọ̀ wọn fi kọjá àpáta.

Nígbà tí mo délé, Baba Karotu ti wà lórí igi. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgò méjì, méjèèjì kún. Ó dúró níwájú mi, ẹmu ń hó díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu wọn, ó sì bi mí bí ẹni tó ń bi mí ní ọ̀nà ìlú tí kò dé rí.

“Ìyá Karotu, ta ló máa mu èyí?”

Mo ní kó gbé e wá. A jókòó, a mu ún, ìgò kan ìgò kan. Ó dùn. Ó dùn gan-an lálẹ́ yẹn.